Ẹni Tó Fẹ́ Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyá Aránṣọ

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó sá fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nílé ìyá aránṣọ.

Ọkọ ìyá náà ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Kó tó gbé òkèlè mì, ó ti di "Mò ń bọ̀." Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀: ó ń kọrin, ó gbàgbé ọ̀rọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni ìyá máa ń gbọ́ ọ. Ohùn yẹn ló ń bá a gbélé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, orin náà ṣàdédé dákẹ́. Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Ṣé kí n jáde lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá?"

Ìyá tẹ Rárá. Orin ń lọ. Ó tún dákẹ́. Àpótí tún yọ.

Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá. Ọ̀gá pa ètò tó ń wá íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ́. Àpótí yọ. Ó fa wáyà tẹlifóònù tu. Àpótí yọ. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń pe fóònù kí kọ̀ǹpútà tó dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí tábìlì. Pálọ̀ pa lọ́lọ́.

Ẹ̀rọ orí tábìlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. Kíì... kíì... ṣííí.

"Ìyá, kò sí iná lára ẹ̀ o."

"Mo rí i."

"Ẹ jẹ́ n lọ mú irinṣẹ́ wá."

Irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe sá lọ nìyẹn.

Inú bí ìyá sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ kú tán, ẹ ò tún lè jókòó sílé!" Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá gbà, ohùn náà á lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọkọ kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má pẹ́ o."

Orin náà pòórá. Ó dẹtí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sunkún.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àpótí yọ fúnra rẹ̀: "Ṣílẹ̀kùn. Àwa méjì la fẹ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá?"

Omijé gbẹ lójú ìyá. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí máòsì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

Nínú kọ̀ǹpútà, ẹnìkan rọra rẹ́rìn-ín. Ohùn obìnrin ni, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀.

Ìyá ò tíì tẹ ìkankan títí di òní.