Báàfù Tó Ń Jò

Bísíríyù kò kọ́kọ́ béèrè orúkọ Rodiat. Ohun tó bi í ni pé, "Ibo ló ti sán?"

Rodiat mú un lọ sí balùwẹ̀. Ọdún 2005 ni, nílé wọn ní Ìtamágà. Báàfù ńlá tí wọ́n máa ń jókòó wẹ̀ nínú rẹ̀ ti sán nídìí. Ọkọ̀ ojú omi ni Bísíríyù ń tún ṣe ní Èjìnrìn, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò kan ní ẹni tó bá lè lẹ ọkọ̀ á lè lẹ báàfù.

Ọkùnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Ó kàn fi ìka kan báàfù, kọ́kọ́kọ́, ó tẹ́tí sí i. Níbẹ̀ ni ọkàn Rodiat ti fà sí i.

"Ṣé ẹ máa ń bá báàfù sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń dáhùn ju àwọn èèyàn kan lọ."

Rodiat rẹ́rìn-ín. Bísíríyù parí iṣẹ́, ó lọ. Ilé wá ṣófo.

Ìyá Rodiat, Àlájà Kúlúsúmù, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹni tí kò jókòó sí ọ́fíìsì. Rodiat mọ̀. Síbẹ̀, àárò Bísíríyù ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó pè é lórí fóònù.

"Báàfù tún ń jò o."

Irọ́ ni.

Bísíríyù wá, ó fọwọ́ pa ìdí báàfù. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó wo Rodiat. Àlájà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó ń jò?"

"Ó ń jò, Mà."

Báyìí ló ṣe wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bó bá ti lọ, Rodiat á jókòó sínú báàfù gbígbẹ, á gbọ́wọ́ lé ibi tó lẹ̀.

"Ó ti sú mi!" ni Àlájà wí nígbẹ̀yìn. "Tuntun là ń rà. Sátidé ni wọ́n máa yọ eléyìí."

Rodiat kò lè jẹun. Bí báàfù bá ti lọ, kí ló tún máa pe Bísíríyù fún?

Ní Sátidé, bí wọ́n ṣe ń yọ báàfù, Bísíríyù, tí Rodiat ti ta lólobó, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àlòkù yẹn."

"O fẹ́ máa fi pẹja ni?"

"Ilé mi ni mo fẹ́ gbé e lọ."

"Báàfù tó ń jò? Ta ló máa wẹ̀ nínú ẹ̀?"

"Ẹni tó mọ̀ pé kò jò láti ọjọ́ tí mo ti lẹ̀ ẹ́ ni."

Rodiat wolẹ̀. Àlájà wo ọmọ rẹ̀, ó wo báàfù, ó da korobá omi kan sínú ẹ̀, ó dúró tì í. Ìkán omi kan kò jáde.

"Ẹ̀yin méjèèjì jọ ń purọ́ fún mi, nínú ilé mi!"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ṣé bàbá ẹ wà láyé?"

"Ó wà, Mà."

Àlájà pòṣé. "Báàfù, o lè gbé e lọ lónìí. Èyí tó kù, ìwọ àti bàbá ẹ lẹ jọ máa wá tọrọ ẹ̀. Màá sì yẹ ìwọ náà wò dáadáa."

Bísíríyù gbé báàfù lérí bí ọkọ̀ kékeré. Rodiat ń wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń wo ojú ọ̀nà yẹn. Ní ọjọ́ kejìlá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wọn: kọ́kọ́kọ́, ó sì dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Rodiat sáré ṣílẹ̀kùn.

Bàbá arúgbó kan ni, Bísíríyù dúró lẹ́yìn rẹ̀.