Ọrùn Tí Kò Tíì Gbọ́

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, tó fi ogún ọdún ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ẹ̀yìn tó dun òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ló so tọkọtaya inú rẹ̀ pọ̀. Mo ti kọ ọ́.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn fẹ̀, ẹnì kan kì í dá a ká. Ẹni méjì ló ń dì í mú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Wọn á fà á kó le, wọn á ṣẹ́ ẹ po, wọn á rìn pàdé ara wọn títí ọwọ́ á fi kan ọwọ́. Ọ̀kan á gba gbogbo rẹ̀, wọn á tún lọ mú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mò ń wí yìí, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín kò lè nàró. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ká aṣọ wá dá dúró ti òkìtì aṣọ, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Aya Lọ́tì ni gbogbo ilé ìfọṣọ ń pè é, nítorí kò sí ẹnu ọ̀nà tó lè gbà jáde láìbojú wẹ̀yìn. Ìbáà jẹ́ ilé ìfọṣọ, ìbáà jẹ́ yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí, ìbáà jẹ́ ilé ìyàgbẹ́ pàápàá, bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á dúró, á yí ọrùn, á wo ẹ̀yìn, kó tó lọ.

Wọn á ní, "Aya Lọ́tì, rọra o, iyọ̀ ti pọ̀ nílé."

Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n eyín nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, inú kò sí ńbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹta lọ́jọ́ náà, ó ń tú nọ́ọ̀tì. Kò tíì pẹ́ tó dé ibi iṣẹ́ wọn. Sípánà ni wọ́n sọ ọ́, torí bó bá ń jẹun pàápàá, sípánà kì í kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú," ó wí, ó sì dìde.

"Pẹ̀lú ọwọ́ olóròóró yẹn? Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Sípánà lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà wá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ iléèwé. Ọmọbìnrin náà yẹ̀ wọ́n wò, níwájú àti lẹ́yìn.

"Ó mọ́," ló wí.

Wọ́n ká aṣọ títí òkìtì náà fi tán. Nígbàkígbà tí ọwọ́ wọn bá pàdé, ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í tètè fà á sẹ́yìn. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ tó sì dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó yí ọrùn, ó bojú wẹ̀yìn. Sípánà ló dúró síbẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà lọ, Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun. Ó mọ ibi tí ojú náà yóò bọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì lọ dúró bí agogo ìparí iṣẹ́ bá ti fẹ́ lù. Ó ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó tọ̀ ọ́ lọ níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé.

"Mo ti gbọ́ ohun tí ò ń sọ láti ọjọ́ yìí," ó wí. "Ìdáhùn mi ni bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni mo sọ?"

"Ojú lo fi sọ ọ́. Ojoojúmọ́ lo máa ń yíjú wò mí kí o tó lọ."

Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. "Ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń wò."

"Ta wá ni? Ṣé Lọ́tì tí wọ́n ń fi pè ọ́ yẹn ni? Níbo ló wà? Ṣé ibí yìí ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, títí Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín fi yọjú láti inú ilé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ìfẹ́ ọkùnrin yìí wọ inú rẹ̀ tí kò jáde mọ́. Nítorí náà ni ẹ̀rù ṣe bà á. Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún un.

Ó sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà, lọ́jọ́ kejì.

"Kí wọ́n tó bí mi, ọmọ méjì ti kú mọ́ màmá mi lọ́wọ́. Nígbà tí èmi náà ò lè mí dáadáa, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ẹ̀mí sọ̀rọ̀, nínú yàrá kan tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó sọ pé bí mo bá yè, ti ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni mo jẹ́. Màmá mi sọ ọ́. Mo sì yè. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn ló ti ń kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kankan jáde láìjẹ́ pé ẹni náà rí ojú mi."

"Bí kò bá rí i ńkọ́?"

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá ńlá kan lọ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo ṣe oríkunkun lọ́jọ́ kan, mo kàn sáré jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi gbígbóná dà sí mi lára. Màmá mi ò lù mí. Ó kàn ń sunkún ni, ó ń ní, 'Ṣé o rí i báyìí?'"

Sípánà fi ìka kan àpá náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì ń jó. "Ẹnì kan wà tó lágbára ju ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ lọ, olólùfẹ́ mi," ó wí. "Wá ká lọ rí pásítọ̀ mi."

Àgbàlagbà ni pásítọ̀ náà, òwú ló fi so apá kan awò ojú rẹ̀. Ó gbà wọ́n sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ awò, ó nù ún.

"Mo rò pé ẹ máa pariwo, sà," ọmọbìnrin náà wí.

"Ṣé adití ni Jésù ni?" Ó wọ awò rẹ̀ padà. "Ọmọ mi, ẹ̀mí burúkú wà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í ṣe ti màmá rẹ ló fi tọrẹ. Ọlọ́run ló ni ọ́. Nígbà tí ọ̀tá sì gbé ọ, Ọmọ Rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ara Rẹ̀ rà ọ́ padà. Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà bẹ́ẹ̀."

"Fi ẹnu ara rẹ kọ ẹni yẹn sílẹ̀."

Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ kẹta bí aṣọ bá wúwo sápá kan. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù aṣọ tútù kúrò léjìká rẹ̀. Ó sunkún, ó kọrin, ó dì mọ́ pásítọ̀. Wọ́n jáde.

Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọrùn rẹ̀ yí. Ó bojú wẹ̀yìn.

Sípánà rí i.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn ọmọbìnrin náà kò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀mí náà kò tíì lọ. Ó padà sọ́dọ̀ pásítọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbàdúrà. Ó padà lọ́sẹ̀ kẹta. Ó yọ́ lọ sí ilé àdúrà mìíràn, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje títí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ fi dà bí aṣọ ẹni tó sanra jù ú lọ. Síbẹ̀, bó bá dé ẹnu ọ̀nà, ọrùn a yí. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sún un síwájú. Wọ́n dá òmíràn, ó tún sún un.

"Jẹ́ kí n mọ́ tán ná," ló máa ń wí. "Jẹ́ kí n mọ́ tán."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n Sípánà obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ẹ̀gbọ́n náà wá sí ilé ìfọṣọ fúnra rẹ̀.

"Ìwọ ni Aya Lọ́tì?"

"Ẹ káàsán, mà."

"Mi ò kórìíra rẹ o, jẹ́ kó yé ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni mo fi pọn àbúrò mi yìí. Ohun tó ń tẹ̀ lé ọ, ṣé kò ní tẹ̀ lé òun náà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Sípánà wí láti abẹ́ ẹ̀rọ, "kò sí nǹkan tó ń tẹ̀ lé e mọ́."

"Bí kò bá sí, kí wá ló ń wò?"

Ẹ̀gbọ́n náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín bá ọmọbìnrin náà níwájú ẹ̀rọ, ó ń kó aṣọ funfun báláú tí wọ́n ti ká tán padà sínú omi.

"Kí lò ń ṣe yìí? Ṣebí àná la fọ̀ wọ́n."

"Mo rí nǹkan lára wọn."

"Fi hàn mí."

Ó tẹ́ ọ̀kan sí ojú fèrèsé. Ó wá a síhìn-ín, ó wá a sọ́hùn-ún. Kò rí nǹkan kan.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, tí kò lè ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún láìdápàárá, kò dápàárá lọ́jọ́ náà. "Ọmọ mi," ó wí, "aṣọ tó ti mọ́, tí a tún ń fọ̀, kì í mọ́ sí i. Gbígbó ló ń gbó."

Ọmọbìnrin náà sáré lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ lọ́sàn-án náà, kò dúró bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ gbàdúrà fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mi ò gbà."

"Sà?"

"Ṣé kí n sọ fún Jésù pé kó padà wá kú lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí tìrẹ ni? Orí igi yẹn ló ti sọ pé ó parí. Ẹ̀mí yẹn ti lọ, ọmọ mi. Ọrùn rẹ ni kò tíì gbọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá yẹn. Lọ sọ fún ọrùn yẹn pé ẹ ti yí ọ̀gá padà."

"Bí omi gbígbóná bá tún dà sí mi lára ńkọ́?"

"Omi gbígbóná máa ń dà séèyàn lára. Ó dà sí èmi lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Tíì ni mo fẹ́ mu."

Ọmọbìnrin náà dìde, ó lọ bá Sípánà.

"Sátidé tó ń bọ̀," ó wí. "Mi ò ní sún un mọ́."

"Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀?"

"Rárá."

Sípánà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó tó bẹ́ẹ̀, ayọ̀ mi. Máa mú un bọ̀ bó ṣe wà."

Àárọ̀ Sátidé náà dé. Yàrá méjì ni òun àti màmá rẹ̀ ń gbé, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti wọ aṣọ ìyàwó tán. Màmá rẹ̀ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti Tọ́sìdé. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń fi ọwọ́ nu ibi tí kò dọ̀tí.

"Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà," ó wí nígbẹ̀yìn, "bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o máa bá Jésù rẹ lọ."

"Màámi, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni gbogbo rẹ̀."

"Mo sin ọmọ méjì! Ṣé o mọ bí pósí ọmọdé ṣe fúyẹ́ tó? Ọwọ́ kan ni wọ́n fi gbé e!"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n yè ni. Ẹ ṣé é, màámi. Mo ti yè. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Ọmọ dìde, ó ṣí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó fẹ́ mú lọ. "Ẹ bá mi ká a."

Màmá rẹ̀ mú etí kan. Wọ́n fà á, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n rìn pàdé ara wọn. Nígbà tí ọwọ́ kan ọwọ́, ìyá kò jọ̀wọ́ ìka rẹ̀.

"Kí ni pásítọ̀ yín ní ó wà lẹ́yìn rẹ báyìí?"

"Ó ní kò sí nǹkan kan."

Ìyá gbé orí sókè, ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo àga, ó wo ògiri.

"Mi ò rí i rí," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gbogbo ọdún yìí, mi ò fojú mi rí i rí."

Họ́ọ̀nù dún nísàlẹ̀. Sípánà ti dé, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà nínú ọkọ̀, ó lejú, ṣùgbọ́n ó wá.

Ọmọbìnrin náà gbá aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́yà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Àpá ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ó dúró. "Jésù," ó wí, kò pariwo.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ màmá rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń bọ̀ títí ó fi sún mọ́ ọn.

"Máa lọ," màmá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀."

Ohùn náà já. Ó mọ̀ pé ìyá òun ń sunkún, ó sì wù ú kó yíjú padà láti nu omijé náà. Èyí ló nira jù nínú gbogbo rẹ̀.

"Má wò mí, ọmọ mi. Máa lọ."

Ó fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín dúró nísàlẹ̀, ó ní ọwọ́ òun wà lẹ́nu òun. Sípánà dúró ti ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bíi ti ọjọ́ kìíní, wọ́n mọ́ tónítóní. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀ títí àtẹ̀gùn fi tán. Ó di ọwọ́ náà mú, ó wọ ọkọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ gbéra. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, tó jókòó tì í, wo orí rẹ̀ láti ìta ilé náà títí wọ́n fi dé orígun títì tí wọ́n sì yà.

Iwájú ló dojú kọ.