Omi Ikùn Jamaldeen

Omi kì í ṣàdédé dín nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dé pa. Ṣùgbọ́n eléyìí ń dín, Wàlíyátù sì ń rí i.

Omi ikùn ọkọ rẹ̀ ni. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ni Jamaldeen gbé ti Àbíjàn bọ̀ wá sí Èjìgbò: ojú pọ́n bí epo, apá gbẹ, ẹsẹ̀ wú, ikùn yọ bí ti aboyún, iṣan sì lọ́ káàkiri rẹ̀ bí ekòló. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí òkú eku. Nígbà mìíràn, a máa fi Faransé bú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Dókítà fa omi náà jáde, ó sì kìlọ̀ pé bí ikùn bá tún yára kún, ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ.

Ìyá Jamaldeen kọ̀ kí wọ́n da omi náà nù sí ọsibítù. "Omi ara ọmọ mi? Kí ayé rí nǹkan lò? Ó tì o!" Wọ́n bá fi kẹ́ẹ̀gì gbé e wálé, wọ́n fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn di ìgbà tí wọ́n máa rí ẹni gbẹ́lẹ̀ sin ín. Ìríra gbáà! Wàlíyátù kì í kọjá níbẹ̀ kó má tutọ́. Alfa Najeem náà fi hàǹtú ránṣẹ́, omi tó fi fọ Kùránì kúrò lára wàláà, nínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn tó jọ ọ́; Wàlíyátù gbé e sábẹ́ tábìlì láìsọ fún ìyá.

Bí omi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ikùn Jamaldeen ń ga. Àfi bí ẹni pé omi náà ń wá ọ̀nà ilé. Ẹ̀rù ba Wàlíyátù dé egungun.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó bá ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi kọ́ọ̀bù da nǹkan sọ́mọ rẹ̀ lẹ́nu. Nǹkan náà pọ́n bíi tíì, ó ń yọ̀ bí itọ́.

"Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ̀ ń fún un?" Ó rọra béèrè.

"Hàǹtú ni."

"Kí ló wá dé tó ń rùn?"

"Oògùn tó máa jẹ́, ṣé ó máa ń dùn ni?"

"Ibo lẹ ti bù ú?"

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Wàlíyátù bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Hàǹtú Alfa wà níbẹ̀, wọn ò tíì ṣí i. Ó figbe ta: "Yéè! Ìyá, omi ikùn rẹ̀ lẹ̀ ń bù fún un mu!"

Kọ́ọ̀bù jábọ́. Ìyá rọra ká bùbá rẹ̀ sókè. Ikùn arúgbó náà ti ga, ìdodo rẹ̀ ti yọ síta.

"Èmi náà ń mu ún, fún alùbáríkà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òun náà ni mo fi ń po ẹ̀kọ rẹ láràárọ̀."

Wàlíyátù gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀. Omi mì nínú rẹ̀.