Owó Iléèwé Afeefah

"Gbé e wọ̀ ká wò ó," Lọ́pẹ́ wí.

Afeefah ki ẹsẹ̀ bọ bàtà funfun náà. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó fi mómò, owó orí fóònù rẹ̀, sanwó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sójú títì. Kí wọ́n tó rí trótrò, ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí àdúgbò wọn ní Mamobi, ayọ̀ bàtà ti tán. Àfi bíi pé ẹlòmíràn ló rà á.

Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ìgbà tí bàbá rẹ̀, Àlàájì Sàláwù tó ń ta páàtì ọkọ̀ lọ́jà Abossey Okai, ti kú lójijì. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà dá owó jọ pé kí Afeefah fi lọ sí iléèwé nọ́ọ̀sì. Orí fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ sí.

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ," ìyá rẹ̀, Àkànkẹ́, sọ fún un. "O ti dàgbà."

Wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, ló kọ́kọ́ fi owó náà rà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ra wíìgì. Ó ra lọ́fínńdà. Bí nǹkan tuntun bá dé ọwọ́ rẹ̀, nǹkan kan á mì nínú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó kú tó fẹ́ jí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Kì í wo iye tó kù, torí kò fẹ́ mọ̀.

Ìwé ìgbaniwọlé dé lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un láti sanwó. Ìyá rẹ̀ ń to ọṣẹ tó ń tà sórí tábìlì níwájú ilé.

"Alhamdulillah. Lọ san án lónìí, kí àyè náà má bọ́."

"Màámi, owó ọ̀hún ti tán. Mo ti ná an."

Àkànkẹ́ gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó béèrè ohun tó fi owó náà rà, Afeefah sì kà wọ́n fún un, bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tí kò mọ̀ rí.

"Ṣé wọ́n dùn mọ́ ọ?"

"Rárá, mà."

Ìyá rẹ̀ tún mú ọṣẹ náà. "Lọ sọ ọ́ fún Àlàájì Fàtáì fúnra rẹ. Òun ló gba owó náà jọ."

Àárín àwọn ẹ́ńjìnnì àlòkù ni Àlàájì Fàtáì jókòó sí ní Abossey Okai. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Afeefah títí dé òpin.

"A ò ní dá òmíràn," ó ní. "Ọjà ò tà. Ọmọ mi, bàbá rẹ ò lówó jù wá lọ. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí owó oúnjẹ wọ inú owó ọjà. Nínú gbogbo wa níbí, òun nìkan ni kì í fi ojú oorun ronú gbèsè."

Afeefah ò mọ èyí nípa bàbá rẹ̀ rí. Ó dùn ún. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn ún gbẹ̀yìn.

Iléèwé fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lọ́pẹ́ wọ iléèwé tirẹ̀, kò sì wá mọ́. Afeefah bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, Àkànkẹ́ á ya owó ọjà sọ́tọ̀, á ya ti oúnjẹ sọ́tọ̀, á wá fún ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀.

"Kọ́kọ́ fi díẹ̀ pamọ́ kó o tó náwó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Bí alájọ súsù bá ti dé láàárọ̀, Afeefah á fún un ní díẹ̀ náà. Ó ta wíìgì, ó kó owó rẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò ní ayọ̀ kankan nínú, ṣùgbọ́n kò fo ọjọ́ kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbà á. Ohun tó fi pamọ́ lé díẹ̀ ní ìdajì owó iléèwé, ìyá rẹ̀ sì fi ìyókù kún un. Bí wọ́n ti sanwó tán, Àkànkẹ́ wò ó lójú.

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

Afeefah ronú kó tó dáhùn. "Àárò bàbá mi ṣì ń sọ mí, mà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe owó púpọ̀ ló ń fini lọ́kàn balẹ̀, bí kò ṣe kéèyàn mọ iṣẹ́ tí owó rẹ̀ wà fún, kó sì jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń náwó kó lè gbàgbé ìbànújẹ́, owó á lọ, ìbànújẹ́ á jókòó.