Eyínfúnjowó àti Káàdì Ìrántí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

"Olè ni ọ́! Kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ!"

Ojúde ni baálé ilé ti ń pariwo bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo àdúgbò. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ogún ọdún ló ti ń lọ sí ibi ìpàtẹ sítáǹpù káàkiri, tó ń ra káàdì ìrántí tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Orí irin ni wọ́n ti máa ń fín àwòrán wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Béèyàn bá fìka kàn án, á mọ̀ bí ìlà rẹ̀ ṣe yọrí. Méjìlá tó fẹ́ràn jù ti pòórá.

"Mi ò mú un," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò kì í fọwọ́ kàn wọ́n láìkọ́kọ́ fomi fọ ọwọ́ mi."

"Ta ló tún ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí wọn?" Àbúrò ọkọ lóbìnrin ló dá sí i. Eyínfúnjowó ni ìyàwó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ. Eyín funfun lóòótọ́, inú dúdú bí ìdí ìkòkò! "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Bí mo bá mọ̀ nípa káàdì yìí, kí n má rí ire."

Ẹ gbọ́ ẹnu tó ń búra! Ilé kọ́ ló ń dun ìyàwó, orúkọ rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n pè lólè lójúde, ibo ni yóò gbójú sí?

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkùnrin kan tó ń ra káàdì, ọ̀rẹ́ baálé, fi dé. Ó yọ káàdì méjìlá nínú àpò. Wọ́n ti lamínéètì gbogbo wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ rọ́bà mọ́ wọn lára, ó ń kọ mànà.

"Obìnrin kan fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyàwó mi láàárọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá gbowó. Mo rí ìkọ̀wé yín lẹ́yìn wọn. Òmùgọ̀ lẹni tó ṣe èyí. Iná ẹ̀rọ ti tẹ gbogbo ìlà pẹlẹbẹ, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́."

"Ta lòmùgọ̀?" ni Eyínfúnjowó dá a lóhùn. "Àwọn tó ṣe é ló ní kò ní jẹ́ kó gbó! Mo tún sanwó fún wọn..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Ìwọ?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Èmi ni! Àwa méjèèjì la jọ mu ọmú kan náà, àlejò ló wá ń mú kọ́kọ́rọ́!"

"Jáde nílé mi."

Ó dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkà a máa ro oníkà.

"Ìyá ilé, má bínú," ni ọkọ wí. "Jẹ́ ká wọlé."

"Mi ò tíì wọlé. Gbogbo àdúgbò gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí lólè."

Ọkọ wo àwọn tó yọrí lójú fèrèsé.

"Ìyàwó mi ò jalè," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọn ò gbọ́," ni ìyàwó wí. "Ẹ tún un sọ."