Hóró-Apá Mẹ́sàn-án ní Àgbékọ́

Hóró-apá mẹ́sàn-án ni wọ́n bá nínú ike ìdọ̀tí ní Àgbékọ́, ìlú tí a so rọ̀ sí òfúrufú, jìnnà sókè ayé. Hóró kọ̀ọ̀kan kò ju ìrẹsì lọ. Abẹ́ awọ apá obìnrin ni wọ́n ń fi í sí, a sì máa tú họ́mónù sínú ara díẹ̀díẹ̀ kí oyún má baà dúró. Òfin ìlú ni. Apèsè-èémí, ẹ̀rọ tó ń ṣe afẹ́fẹ́ tí gbogbo wọn ń mí, kò tó fún ju ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn lọ, wọ́n sì ti pé iye náà.

Dókítà Ṣíjúadé, ẹni tó ṣe hóró náà, kò wá ẹni tó yọ wọ́n jìnnà. Màmá Àwẹ̀ró, tó ti ń gbẹ̀bí kó tó gòkè wá, jẹ́wọ́ láìjanpata. Ọmọ rẹ̀, Ìbídùn, wẹ́dà ìlú, jókòó tì í.

“Màmá, abẹ lẹ fi yọ wọ́n?” ni Dókítà bi í.

“Abẹ tí mo sè dáadáa. Mi ò kì í ṣe ọ̀bùn.”

“Kí ló dé?”

“Ọmọ mi ò rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́jọ. Ti ẹlòmíràn ń kán tó-tó lójoojúmọ́ bí ẹnu ẹ̀rọ tí kò tì. Kí n máa wò wọ́n? Ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde, inú ló ń dì sí.”

“Kò dì síbì kankan! Ó wà nínú ìwé tí mo pín.”

“Ìwé gbàǹgbà yẹn? Òun ni mo fi ń ṣe ìrọ̀rí.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. “Lóṣooṣù, ilé ọmọ a máa tẹ́ ibùsùn de oyún. Bí oyún ò bá dé, ibùsùn yẹn ló ń ya dànù, òun lẹ̀ ń rí bí ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù yìí kì í jẹ́ kó nípọn. Ohun tí kò sí, kò lè dì. Èyí tó ń kán náà, lára ọ̀pọ̀ obìnrin, a máa dínkù tó bá yá.”

“Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?”

“Òun náà ni.”

“Kò gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú méjì. Ọdún mẹ́ta lo ti wà láàárín wa.”

“Ẹ̀yin náà ò bi mí.”

“A ò bi ọ́,” ni Màmá wí.

Àwọn méjèèjì jẹ̀bi. Ọ̀kan mọ̀, kò sọ. Èkejì ò mọ̀, kò béèrè.

Nínú àwọn obìnrin mẹ́sàn-án tí Màmá yọ hóró lápá wọn, Ìbídùn nìkan ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó lóyún. Òfin Àgbékọ́ kì í fi ipá ba oyún ẹnikẹ́ni jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sáyé kí ọmọ tuntun tó mí. Ìbídùn ní òun á lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ kì í gbé aboyún.

“Kọ orúkọ mi,” ni Màmá wí.

“Màmá, ogún ọdún lẹ ti lò níbi tí nǹkan ò ti wúwo. Eegun yín ti rọ̀, ọkàn yín ti rọ̀. Ayé á wúwo jù fún yín,” ni Dókítà wí.

“Mo gbọ́. Ìyẹn lo tètè ṣàlàyé. Kọ ọ́.”

Ọjọ́ kẹrin tí Màmá gúnlẹ̀ sáyé ni ọkàn rẹ̀ dúró.

Obìnrin ni Ìbídùn bí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ìlú pé jọ, Dókítà náà sì wà lẹ́yìn pátápátá. Kí ìyá ọmọ tó lanu, àwọn ènìyàn ti ń pè é ní Yétúndé.

Ìbídùn mi orí.

“Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Màmá mi ò padà wá. Àwa la lé wọn lọ.”