Ẹ̀rù Baba Láníyonu

Ohùn Kóyèjọ kò gbọ̀n. Ohun tó dẹ́rù ba gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá ìṣọ́ ní àgọ́ ológun òfurufú Òkè-Ẹ̀fúùfù lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Ìjì Pupa ti dìde níwájú rẹ̀, iyanrìn àti mànàmáná tó ga ju òkè lọ, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ tààrà sí àárín rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ń pariwo sínú ẹ̀rọ: "Yà sápá òsì! Kóyèjọ, mo ní kí o yà!" Kóyèjọ dáhùn bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà: "Ó kù díẹ̀, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Baba Láníyonu, arúgbó tí wọ́n gbé àga fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dìde lójijì. "Ó kù díẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀ nìyẹn, èyí tó máa ń sọ nígbà tó ṣì ń fò, àmọ́ kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yìí kò bá a jókòó sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà dé ẹnu rẹ̀, ọ̀nà náà sì ni Àkéte Ìrírí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé Àkéte yìí, torí ayé ìgbà náà, èmi àti ẹ̀yin kò ní sí níbẹ̀. Kí Àkéte tó dé, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá ológun, tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan èjìká rẹ̀, tó wá rò pé òun yóò fò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. Yóò kọ́kọ́ dúró de àyè, oṣù lórí oṣù. Yóò fi bí ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ kékeré gbéra àti bí wọ́n ṣe ń fi í balẹ̀. Yóò tún fi ọdún mìíràn kọ́ èyí tó yára, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan Àwòdì, ọkọ̀ ogun tí wọ́n fi ń tú Ìjì Pupa ká kó tó dé orí oko àti ilé. Ọdún mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ báyẹn. Àwọn mìíràn ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti bímọ, wọn ò tíì fojú kan ìjì kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ìjì kò dúró de ẹnikẹ́ni, ọdọọdún ló ń le sí i, àwọn awakọ̀ àtijọ́ sì ń tán. Ni Ẹnjiníà Mosúnmọ́lá bá ṣe Àkéte. Ó ṣe àdàkọ gbogbo ohun tí orí Baba Láníyonu mọ̀ nípa fífò, Baba tí gbogbo ayé ń pè ní Aláìbẹ̀rù, ó sì kó o sínú ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun yóò sùn lórí Àkéte fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Nígbà tó bá jí, ó ti mọ Àwòdì í wà bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu.

Kóyèjọ ló kọ́kọ́ sùn lórí rẹ̀. Ẹni kejì ni Lẹ́fítẹ́náǹtì Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ Baba, tí Baba fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló jí. Ọ̀gá àgọ́ ní ẹ̀rọ ọkọ̀ Kóyèjọ ló kọṣẹ́, pé ìjì ti ń bọ̀ sórí ìlú, pé kò sí awakọ̀ mìíràn. Wọ́n ti ń rọ epo sínú ọkọ̀ Ìbíyẹmí.

Baba sáré. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gba eré sísá mọ́, ṣùgbọ́n ó sáré dé ilé iṣẹ́ Mosúnmọ́lá. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i.

"Má kí mi. Mosúnmọ́lá, ẹ̀rù mi dà?"

"Ẹ̀rù kẹ̀, Baba?"

"Ẹ̀rù mi! Nínú ohun tí ẹ dà kọ lórí mi. Mo gbọ́ ohùn ọmọ yẹn. Èmi ò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ kojú ìjì rí. Kí lẹ fi ẹ̀rù mi ṣe?"

Mosúnmọ́lá kò dìde. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ má bínú. Nígbà tí a ṣí àdàkọ yín, a rí ohun tí kò yẹ kí ọmọ rí. A rí ibi tí ẹ ti ń sunkún. A gbọ́ yín tí ẹ ń ké pe ìyá yín. A rí ọjọ́ tí ẹ… tí ẹ tọ̀ sára nínú ọkọ̀. Àwa ọmọ yín, ṣé àwa la ó wá tú yín síhòòhò níwájú àwọn ọmọ kéékèèké? A bo àṣírí yín, sà. Gbogbo ibi tí ẹ̀rù ti bà yín la gé kúrò."

"Ẹ gé e kúrò."

"Nítorí ọ̀wọ̀ yín ni, sà."

Orúkọ Aláìbẹ̀rù yìí ti dùn mọ́ Baba jù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé irọ́ ni. "Ta ló sọ fún ọ pé ìgboyà ló ń mú mi délé? Ẹ̀rù ni! Bí mo bá ti ń wí pé ó kù díẹ̀, ara mi ti ń gbọ̀n, ọwọ́ mi ti ń ṣẹ́rí ọkọ̀ padà. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ẹ ò fún wọn ní gbígbọ̀n ara mi. Ẹ dá a padà síbẹ̀!"

"A ti pa á rẹ́, Baba, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i láéláé. Orí tí a bá sì ti dà kọ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe é dà kọ mọ́."

"Ẹ̀rù ti Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tí eku lásán ń lé gun àga!"

Mosúnmọ́lá ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ibi tí a gé yẹn, Baba… ó máa bo ẹ̀rù tirẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni. Olúwa mi o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni."

Ariwo ńlá gba òkè wọn kọjá, gbogbo fèrèsé mì. Ìbíyẹmí ti gbéra.

Nígbà tí Baba padà dé yàrá ìṣọ́, èémí kò délẹ̀ fún un mọ́. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọ̀gá àgọ́ láìtọrọ àyè. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ nínú ẹ̀rọ yìí, gbogbo àgọ́ ló ń gbọ́ ọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ. Baba mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìbíyẹmí, yà padà."

"Ẹ káàsán, Baba àgbà." Ohùn rẹ̀ tutù. "Mo ti rí ìjì náà, ó mà rẹwà o. Ó kù díẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀."

Lórí gíláàsì ẹ̀rọ ìṣọ́ níwájú Baba, àmì funfun kékeré kan, ọkọ̀ Ìbíyẹmí, ń sún mọ́ pupa ńlá.

"Gbọ́ mi. Mo tọ̀ sára rí nínú irú ọkọ̀ yẹn. Mo sunkún, mo ké pe ìyá mi. Ìjì ọjọ́ náà kò tó ìdajì èyí. Mo sá padà, mo sì purọ́ pé epo ló tán. Èmi tí wọ́n ń pè ní Aláìbẹ̀rù."

Ọ̀gá àgọ́ kọjú sí ògiri, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbàlagbà nínú balùwẹ̀.

"Mo gbọ́ yín, Baba," ni Ìbíyẹmí wí. Ó dà bíi pé ó ń rò ó lóòótọ́. "Ṣùgbọ́n kò yé mi. Kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ fi ń sunkún?"

Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀rù fún ẹni tí kò ní in? Àmì funfun ti fẹ́ wọ inú pupa. Ẹ̀rù ba Baba débi pé ó gbàgbé pé ológun ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì fi orúkọ tó fi ń pè é kúrò nídìí eré nígbà èwe rẹ̀ pè é.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o! Mo ní kí o máa bọ̀ nílé!"

Ẹ̀rọ ń hó lásán.

"Ẹ̀ẹ́n, Baba. Mò ń bọ̀." Ohùn ọmọ kékeré tó mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì ni. Àmì funfun náà sì yà.

Fèrè ti dún, gbogbo ará ìlú ti wọ ilé abẹ́ ilẹ̀ lọ kí ìjì tó dé. Oko wọn ni yóò lọ sí i lọ́dún yẹn.

Ìbíyẹmí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Baba ti wà létí pápá pẹ̀lú Mosúnmọ́lá, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbíyẹmí wo ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ ń gbọ̀n, Baba. Ṣé òtútù ń mú yín ni?"

"Ẹ̀rù ni, ọmọ mi."

"Ṣé ó máa ń dunni?"

Kí Baba tó dáhùn, ọkọ̀ panápaná yọ, ó ń sáré bọ̀ lórí pápá pẹ̀lú ariwo. Ìbíyẹmí rí i. Ó wò ó, ó sì gbé ẹsẹ̀ síwájú rẹ̀, torí apá ibẹ̀ ni ilé wà. Baba fà á lápá, àwọn méjèèjì ṣubú sórí eruku. Awakọ̀ ń ṣépè. Ìbíyẹmí dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ ṣé, Baba." Bí ẹni tí wọ́n bu omi fún ni.

Mosúnmọ́lá bú sẹ́kún. "Baba, ṣé a lè kọ́ ọmọ yìí ní ẹ̀rù padà?"

"Lẹ́yìn tí mo gba ìràwọ̀ mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò," ni Baba wí. "Bẹ́ẹ̀ láti ilé ni mo ti gbé ẹ̀rù tèmi wá."

"Èyí tèmi, ọdún mélòó ló máa gbà?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

Baba ti ń ṣírò iye ọdún tó kù fún òun láyé. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú. Iṣan ibẹ̀ ń lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, bíi ti ẹni tó ń sùn. Nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀nà tó lọ sí ilé abẹ́ ilẹ̀, Baba wo ọ̀tún, ó wo òsì, fún àwọn méjèèjì.